Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń pariwo ni akátá

Ọ̀rọ̀ náà tún jáde ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwa aránṣọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n kan dìde, wọ́n ní ohun tó bá ń lé èèyàn lójú ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbájú mọ́, ìyókù lè dúró. Wọ́n fi òwe kádìí rẹ̀: ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Gbogbo ilé ń mi orí. Ó ti sú mi. Akátá ń pa adìẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká lé e. Fóònù tó ń dún àti oníbàárà tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, kí ni wọ́n ń pa?

Ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn jẹ́ ẹni ìkẹyìn tó máa gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ṣé a ti gbàgbé Ògùnpa ni? Odò yẹn ti ya wọ ìgboro lọ́dún 1978. Gbogbo ìlú mọ̀. Síbẹ̀ ilé ń sún mọ́ etí odò, ìdọ̀tí ń wọ inú rẹ̀, nítorí pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gọ́tà tó dí kì í lé ẹnikẹ́ni. Owó ọjà ló ń lé wa, òde ọjọ́ Sátidé ló ń lé wa. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1980, èèyàn tó lé ní 200 ló bá omi lọ. Ẹ ó rò pé a ti gbọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé, ó gbé afárá, ó wó ilé, ó ya wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀mí tó lé ní 100 sì lọ sí i. Wákàtí mélòó kan ni òjò fi rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi dí ọ̀nà omi. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ gọ́tà wá di kánjúkánjú, ṣọ́bìrì ò wúlò mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ńkọ́? Bó bá ti tó 140 lórí 90, ó ti ga, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ní in tí wọn ò mọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wíwọ̀n rẹ̀ ń gbà; àyè ò sí la máa ń wí, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé.

Lọ́dún 2018, Meng Zhu àti olùwádìí méjì mìíràn gbé iṣẹ́ méjì tí wàhálà wọn dọ́gba síwájú àwọn èèyàn. Ọ̀kan lérè jù. Nígbà tí wọ́n ní àkókò èkejì ń tán lọ, ńṣe ni àwọn tó ń mú èyí tí kò lérè tó bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ àkókò tó fún èyí tó bá wù wọ́n.

Mo gbà, bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ẹ sáré. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Mo máa ń pa fóònù. Ẹlòmíì á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun máa kó aṣọ ẹbí òun lọ. Wọn kì í kó o. Àwọn ọ̀gá tó ń sáré tẹ̀lé gbogbo ariwo, ọmọ iṣẹ́ wọn ń gba òmìnira láì lè dá bùbá gé. Àwọn tèmi ń dá agbádá gé. Bí iṣẹ́ kánjúkánjú bá dé báyìí, àwọn ló ń gbà á lọ́wọ́ mi.