Owó Afẹ́fẹ́ Inú Páálí

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹnikẹ́ni tó bá ti di gèlè, aṣọ òfì àti fìlà sínú páálí láti Ìbàdàn tàbí Èkó sí ẹbí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tó ń dun àwa èèyàn. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn akẹ́rù, wọ́n gbé ẹrù sórí ìwọ̀n, ó fi kílò 4.5 hàn, tolórí tẹlẹ́mù rí i. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, akọ̀wé ti kọ kílò 12 sórí rìsíìtì. Ẹ bèèrè ìdí rẹ̀, ó ní ti páálí ni àwọn ń kà, kì í ṣe ti ẹrù. Àlàyé parí nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ gbé ẹrù yín.

Ohun tí wọn kì í sọ rèé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi bàálù kó ẹrù máa ń wo nǹkan méjì, bí ẹrù ṣe wúwo tó àti bí páálí ṣe gba àyè tó. Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n máa gbowó lé. Láti mọ ti àyè, wọ́n á wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn á sì fi 5,000 pín in. Páálí tó gùn ní 50, tó fẹ̀ ní 40, tó ga ní 30 á fún wa ní 60,000. Ẹ fi 5,000 pín in, kílò 12 dé. Gèlè fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àyè, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú páálí ni ẹ fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé àyè inú bàálù kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé kílò nìkan ni wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Kò sí ìṣirò àyè níbẹ̀, kò sí téèpù lórí káńtà, kò sẹ́ni tó máa wọn páálí lójú oníbàárà kó tó gbowó. Owó epo tí wọ́n ń fi kún un náà, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹrù ni, kílò 12 yẹn ni wọ́n sì máa kà á lé. Wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ gbowó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún fi gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ti páálí tó yọ ikùn ló wá burú jù. Bí ẹ bá ki aṣọ kún un títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi wú, ibi tó wú jù síta ni ẹ̀rọ wọn máa wọ̀n. 50 á di 52, 40 á di 42, 30 á di 33. Ìyẹn 72,072, ẹ pín in, ó lé díẹ̀ ní kílò 14.4. Ààbọ̀ kílò ni wọ́n sì fi ń gòkè, kílò 14.5 ni ẹ máa san. Kílò 2.5 gorí owó yín, ẹ kò sì fi gèlè kan ṣoṣo kún ẹrù náà. Ibi tí wọ́n ti ń to ẹrù jọ ni ẹ̀rọ yìí sábà máa ń wà, kì í ṣe ibi tí ẹ ti sanwó. Lẹ́yìn tí ẹ ti délé ni wọ́n á pè yín pé owó kù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín mú. Ẹ tẹ́ gèlè pẹlẹbẹ, ẹ tẹ fìlà mọ́lẹ̀, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde nínú ọ̀rá aṣọ kí ẹ tó dì í. Ẹ sàmì sí ibi tí aṣọ ga dé nínú páálí, ẹ fi ọ̀bẹ la igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sílẹ̀ dé ojú àmì náà, ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí gíga bá ti 30 bọ́ sí 15, kílò 12 á di 6. Ẹrù kan náà! Ìdajì owó ló kúrò nílẹ̀ yẹn, akọ̀wé tó ń wò yín níwájú kò sì ní la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Kí ẹ ya fọ́tò páálí pẹ̀lú téèpù lára rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí òun ni ẹ̀rí yín bí wọ́n bá pè.

Ẹrù gúnlẹ̀ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìyà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn tí iye rẹ̀ kò ju £39 lọ kì í san owó orí ọjà níbẹ̀. Bó bá fi lè di £40, 20% gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa gbà, £8 nìyẹn. Bó bá jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ẹ fi rán an, Royal Mail, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, á tún gba £8 tirẹ̀, owó ìtọ́jú ni wọ́n pè é, torí pé àwọn ló bá yín san owó ìjọba. £1 péré ló lé, £16 ló fi gbà. Ìtọ́jú wo ló jẹ́ £8 lára ẹ̀bùn £40?

Fọ́ọ̀mù CN22 tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù láti fi sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù wà lára ohun tó ń fa wàhálà yìí. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ "aṣọ" sí i, kò sí iye, kò sẹ́ni tó sàmì sí ibi tí wọ́n kọ ẹ̀bùn sí. Kò yẹ kí akọ̀wé gba irú rẹ̀ wọlé rárá. Ẹ kọ ọ́ ní kíkún: gèlè 2, fìlà 1, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀bùn inú páálí bá jẹ́ ti ẹni mẹ́ta, ẹ di ti oníkálukú lọ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí fọ́ọ̀mù náà, £39 tirẹ̀ á wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì kọ £5 sára ẹrù £60 láti fi sá fún owó orí. Irọ́ ni, bó bá sì sọnù, orí £5 yẹn ni wọ́n máa dúró lé.

Gbogbo owó yìí, ṣé ẹrù á dé ẹnu ọ̀nà? Ìwé pélébé ni wọ́n á há sábẹ́ ilẹ̀kùn pé àwọn kò bá èèyàn nílé, tí tìyá tọmọ sì jókòó sí pálọ̀. Iye páálí tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ akẹ́rù bá jù sílẹ̀ ni wọ́n ń sanwó wọn lé, ìdí nìyí tí wọn kì í fi dúró kí ẹni tó wà lókè àjà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ṣètò owó iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀.

Èyí tó ń bọ̀ wá sílé náà kò sàn jù. Àìmọye fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń bèèrè kóòdù ìfìwéránṣẹ́, 23401 sì ni àwọn èèyàn wa ń kọ. 234 jẹ́ ti fóònù Nàìjíríà, 01 jẹ́ ti fóònù Èkó tẹ́lẹ̀. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ wa jẹ́ nọ́ńbà mẹ́fà: 1 ló bẹ̀rẹ̀ ti Èkó àti Ògùn, 2 ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Kwara, 3 ti Oǹdó àti Èkìtì. NIPOST, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà, ti wà láti 1985, síbẹ̀ ẹ bèèrè kóòdù àdúgbò yín lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá, ẹ wo iye tó máa dáhùn. Kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́?

Bí ẹrù tí ẹ fi ilé ìfìwéránṣẹ́ rán láti Nàìjíríà bá há, ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, NG ní ìparí. Tó bá ti kúrò ní Nàìjíríà, ẹ yé tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì tibí. R ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Royal Mail ni kí ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. C tàbí E, ọ̀dọ̀ Parcelforce, iléeṣẹ́ tó ń pín páálí níbẹ̀, ni. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, kí ẹni tó fi ránṣẹ́ padà sí ibi tó ti fi ránṣẹ́, kó gbé rìsíìtì dání, kó sì béèrè fọ́ọ̀mù CN08 tí wọ́n fi ń wá ẹrù tó sọnù, láàárín oṣù mẹ́fà. Kó má gba "ẹ máa ní sùúrù" gẹ́gẹ́ bí èsì, torí ìgbà tí sùúrù bá fi parí, oṣù mẹ́fà á ti kọjá. Ẹni tó fi ránṣẹ́ láìgba nọ́ńbà kò ní ohun tó máa fi bá wọn wí.

Bí owó orí tí wọ́n gbà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá ju bó ṣe yẹ lọ, fọ́ọ̀mù BOR286 ni ẹni tó gba ẹrù máa kún ránṣẹ́ sí HMRC, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú bébà owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí. Kó má sọ páálí nù kó tó gé e. Owó orí lè padà wá, ṣùgbọ́n £8 ìtọ́jú kò sí lára ohun tí HMRC ń dá padà. Royal Mail ni kó kọ̀wé sí lọ́tọ̀, kó sì máa kọ ọ́ títí wọ́n á fi dá a lóhùn.