Wíwá sí Èkó nìkan kò tó láti tún ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé kí òbí abúlé tètè kó ọmọ wá sí Èkó, pé bó bá ti wọ ìgboro, ìwé rẹ̀ ti dára nìyẹn. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn òbí máa gbà yín gbọ́.

Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: lábúlé, olùkọ́ kan lè máa kọ́ kíláàsì méjì pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ girama sì lè jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ náà fẹ́ bá gbé ní Èkó? Bó bá jẹ́ àwọn òbí rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó lè jèrè. Bí wọ́n bá fà á lé ìbátan lọ́wọ́, tó ń pọnmi, tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n, tó ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà wo ló fẹ́ kàwé? Àwọn mìíràn dé láàárín sáà, wọ́n sì dá wọn padà sí kíláàsì ẹ̀yìn.

Ẹ tún ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ń gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ àlejò. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama, kò sì yọ ọmọ àlejò sílẹ̀. Owó yunifọ́ọ̀mù, ìwé àti ọkọ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àwọn òbí níyànjú kí wọ́n jẹ́ kí sáà parí, kí wọ́n gba èsì ìdánwò ọmọ dání, kí wọ́n sì ti mọ ilé ẹ̀kọ́ tó máa wọ̀ kí wọ́n tó kó o wá.