Ìjà Vanessa Redgrave àti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwọn ọmọdé

Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni Home Office, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ti ìjọba Britain, tilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ogunléndé tí ìjọba Britain fúnra rẹ̀ ti fún ní ìwé ààbò kò lè kọ̀wé mọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ òun wá bá òun. Wọ́n ní ìdádúró fún ìgbà díẹ̀ ni, pé ìlànà tuntun ń bọ̀ ní ìgbà ìrúwé ọdún 2026. A ti gbọ́ irú èyí rí, ìdí sì nìyẹn tí a ò fi ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù ká tó sọ tiwa. Ìgbà díẹ̀ tí kò ní ọjọ́ tó máa parí, títì pa ló ń jẹ́.

Láàárín ọdún kan tó parí sí òpin oṣù Kẹfà, físà tí wọ́n fún irú àwọn ẹbí báyìí lé ní 20,000, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ nìyẹn. Àwọn tó ń kó èèyàn sínú ọkọ̀ rọ́bà lójú òkun, tí ìjọba ní òun ń bá jà, kò bẹ Home Office fún físà rí. Ìyá tó ti fẹ́ gba ọ̀nà òfin tọ ọkọ rẹ̀ lọ, tí wọ́n dí ọ̀nà náà mọ́ ọn lójú, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n rò pé yóò lọ?

Ẹni tí ìpinnu yìí mú wa rántí ni Vanessa Redgrave, òṣèrébìnrin ará Britain. Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ jà lé lórí.

Ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní London. Òṣèré ni ìyá rẹ̀, Rachel Kempson, òṣèré sì ni bàbá rẹ̀, Michael Redgrave, tó wà lórí pèpéle ní Old Vic lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ń ṣe Laertes nínú Hamlet. Laurence Olivier ló ń ṣe Hamlet fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣeré tán, Olivier bọ́ síwájú, ó sọ fún èrò ìwòran pé wọ́n ti bí òṣèrébìnrin ńlá kan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé Laertes ti bí ọmọbìnrin. Ọmọ tí wọ́n kéde ibí rẹ̀ báyìí ì bá jókòó sórí pèpéle náà títí ayé, kó máa gba àtẹ́wọ́, kó máa lọ sílé. Ó sì gba àtẹ́wọ́ náà: Oscar, Tony ní ọdún 2003, Golden Lion ti Venice ní ọdún 2018 fún gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀. A ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí a ti fẹ́ dúró díẹ̀ ni ọdún 1978. Ipa obìnrin kan tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu láti bá ìjọba Hitler jà ló kó nínú fíìmù Julia, òun ni wọ́n sì fún ní Oscar. Ṣùgbọ́n ó ti lọ́wọ́ sí fíìmù kan nípa àwọn ará Palestine, àwọn kan sì ti dúró síta pẹ̀lú ìwọ́de lálẹ́ ọjọ́ náà láti bá a fa á. Nígbà tó gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ tán, ó pè wọ́n ní jàǹdùkú Zionist, ìyẹn àwọn alátìlẹyìn orílẹ̀-èdè àwọn Júù, ó sì ṣèlérí nínú ọ̀rọ̀ kan náà pé òun yóò máa gbógun ti ìkórìíra àwọn Júù. Ariwo ta. Paddy Chayefsky, òǹkọ̀wé fíìmù, dá a lóhùn lórí pèpéle kan náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ní ọdún 1982, Boston Symphony Orchestra fagi lé eré tí wọ́n ti bá a dá àdéhùn lé lórí, ó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. A ò fara mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni a ò fara mọ́ gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó tẹ̀ lé. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó pàdánù iṣẹ́ nítorí ẹnu rẹ̀, kò sì pa ẹnu náà mọ́. Láti ọdún 1995 ló ti jẹ́ aṣojú UNICEF, àjọ àgbáyé fún àwọn ọmọdé, tó ń sọ̀rọ̀ nítorí ọmọ tí ogun bá nílé.

Lẹ́yìn náà ni ikú bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Láàárín oṣù Kẹta ọdún 2009 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Natasha Richardson, lọ. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Corin, lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Lynn, náà lọ. Òbí Yorùbá kì í fi àdúrà pé kí ọmọ òun sin òun ṣeré. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ni ọdún 73, tó bá ní òun fẹ́ jókòó sílé, ta ló máa bá a wí?

Kò jókòó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́rin ọdún, obìnrin tí kò darí fíìmù rí gbé kámẹ́rà lọ bá àwọn ogunléndé ní Calais, ní etíkun France, ó sì gbé fíìmù rẹ̀ lọ sí Cannes ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Sea Sorrow ló pè é. Inú The Tempest ti Shakespeare ló ti yọ orúkọ náà, níbi tí Prospero ti ń sọ fún Miranda, ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe dé erékùṣù tí wọ́n wà: wọ́n lé àwọn méjèèjì jáde nílùú lóru, wọ́n sì jù wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ti jẹrà, tí kò ní ìgbòkun, tí kò ní òpó, tí eku pàápàá ti sá kúrò nínú rẹ̀. Ralph Fiennes ló sọ ọ̀rọ̀ náà nínú fíìmù yìí. Miranda kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ náà. Vanessa pàápàá kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó o kúrò ní London lọ sí Bromyard ní Herefordshire kí bọ́ǹbù má baà bá a. Ọmọ tí òkun gbé jù sí etí omi ní Turkey ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, tó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ju ọmọ ọdún méjì-mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá wo fíìmù náà yóò rí ohun tí obìnrin yìí rí: irú ọmọ kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà ni ẹni tó dúró dè é ní èbúté.

Alf Dubs wà nínú fíìmù náà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò ní Prague ní ọdún 1939, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ 669 tí Nicholas Winton ṣètò bí wọ́n ṣe dé England. Lápapọ̀, nǹkan bíi 10,000 ọmọ tó ń sá fún Hitler ni Britain gbà láàárín ọdún 1938 sí 1939, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fojú kan ìyá àti bàbá wọn mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn dàgbà, ó di Lọ́ọ̀dù, ó sì gbé àbá wá ní ọdún 2016 pé kí ìjọba gba 3,000 ọmọ ogunléndé tó wà ní Yúróòpù láìsí òbí pẹ̀lú wọn. Ìbò 294 sí 276 ni ilé aṣojú-ṣòfin fi ta á nù ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba ní òun gbà, kìkì pé kí wọ́n yọ 3,000 kúrò, kí wọ́n fi "iye tí ìjọba bá sọ" rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ náà ni ìwé ìròyìn yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, a ò sì tíì dákẹ́: òfin tí kò sọ iye, tí kò sọ ọjọ́, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló wà. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, iye tí ìjọba sọ jáde: 350. Ó parí síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kò ní àyè mọ́. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n padà wá sọ pé 480 ni, pé àṣìṣe ọ́fíìsì ló mú kí wọ́n gbàgbé láti ka àyè 130 tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ti yọ̀ǹda. Wọ́n gbàgbé! Ibùsùn ọmọ 130 ti wà nílẹ̀, ẹnì kan kò kà á, ilé aṣòfin sì gbọ́ pé àyè ti tán. Kò sí ẹni tó pàdánù iṣẹ́ lórí rẹ̀ tí a gbọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ń kúrò nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n tún dìbò pa àbá Dubs míìràn tí ì bá jẹ́ kí ọmọ tó dá wà ní Yúróòpù lè tọ ẹbí rẹ̀ lọ sí Britain. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fi Vanessa Redgrave joyè Dame. Wọ́n mọ̀ ọ́n fi joyè. Ohun tó ń fi ojoojúmọ́ bẹ̀ wọ́n ni wọn ò gbọ́.

Ó sì wá dé orí ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù. Yvette Cooper wà lára àwọn tó kígbe jù lọ fún àbá Dubs ní ọdún 2016. Òun ló ń darí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ Labour lórí ọ̀rọ̀ ogunléndé nígbà náà, a sì yìn ín lójú ìwé yìí. Yvette Cooper kan náà, tó ti di mínísítà Home Office, ló dìde nílé aṣòfin ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 láti kéde títì yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ti gbé e lọ sí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè, Shabana Mahmood sì ti jókòó sórí àga rẹ̀. Ta ni ká bi léèrè? Ẹni tó tilẹ̀kùn ti lọ, ẹni tó bá a ní títì yóò sọ pé òun kọ́ ni òun tì í. A ò ní gba ìyẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ báyìí.

Àwa Yorùbá tó wà ní Britain mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, bí òfin tó kàn wá tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ogunléndé. Ẹni tó fi físà ìtọ́jú arúgbó wọlé láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 kò lè mú ọmọ rẹ̀ dání. Òun ni ẹ ń rí nínú bọ́ọ̀sì Peckham ní aago mẹ́fà àárọ̀, tó ti fi gbogbo òru yí ìyá arúgbó tó ń tọ́jú padà lórí ibùsùn, tó wẹ̀ fún un, tó fún un lóògùn. Ó gbé fóònù sójú, ọmọ rẹ̀ wà nínú WhatsApp ní Ìbàdàn, ó ti wọ aṣọ iléèwé, ìyá àgbà ń so okùn bàtà rẹ̀ fún un. Ọmọ bèèrè ọjọ́ tí mọ́mì ń bọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì já, ìyá náà ò sì tún un pè kíákíá. Àwọn àgbà wa tó kàwé ní London láti nǹkan bí ọdún 1950 títí wọ 1970 náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó ní Kent àti Sussex, wọ́n ní ọdún díẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn kan máa padà lọ mú ọmọ wọn, èdè ìyá rẹ̀ ò yé e mọ́.

Ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ Shabana Mahmood kò le. Kó yọ ọmọdé kúrò nínú ìdádúró yìí lónìí. Kò nílò ìgbà ìrúwé kó tó ṣe é. Kó jẹ́ kí ọmọ ogunléndé tó dá wà ní Britain lè kọ̀wé pe ìyá àti bàbá rẹ̀ wá, èyí tí ìlànà Britain kò gbà láyè kí ìdádúró yìí tó dé pàápàá. Tó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ di àwọn tó kù mú títí òfin tuntun yóò fi jáde, kó kọ ọjọ́ tí ìdádúró náà máa kásẹ̀ nílẹ̀ sínú ìwé, ọjọ́ àti oṣù, kó sì kọ iye ọmọ tí Britain yóò máa gbà lọ́dún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó mú ìwé náà dání wá sílé aṣòfin.