Ẹ Ka Àwọn Tí Rọpárọsẹ̀ Kọlù, Kí Ẹ sì Bá Wọn Délé

Láàárín ọdún 1973 sí 1975, àwọn oníṣègùn kan ní Ìbàdàn ń ka àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke, kọlù ní ìlú náà. Wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan fún iṣẹ́ yìí nìkan, kí wọ́n lè mọ iye àwọn tí àrùn náà ń bá jà àti ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ń já sí. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó di ògúnná gbòǹgbò nínú ìmọ̀ àrùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1979. Nígbà náà, kò sí fóònù alágbèéká, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Kí ẹnikẹ́ni lọ bá kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní èyíkéyìí nínú àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, kí ó bi í pé: ènìyàn mélòó ni rọpárọsẹ̀ kọlù ní ìpínlẹ̀ yín lọ́dún tó kọjá, mélòó nínú wọn ló ṣì wà láyé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mélòó ló sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Ìbéèrè yìí kò le. Ó yẹ kí ó ní ìdáhùn tí a kọ sílẹ̀, tí aráàlú lè kà. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń bèèrè kò ju ìyẹn lọ: kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ka àwọn tí àrùn yìí kọlù, kí ó sì máa bá wọn délé.

Kì í ṣe pé a kò mọ ohun tó ń fa àrùn náà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2014 títí di oṣù kẹfà ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà, Gánà àti Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní SIREN, ní ibùdó 15 ní Nàìjíríà àti Gánà. Wọ́n kó ẹni 2,118 jọ tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ẹ̀rọ ayàwòrán ọpọlọ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n tún wá ẹni 2,118 mìíràn tí àrùn náà kò kọlù rí, tí wọ́n bá àwọn ti ìṣáájú dọ́gba lọ́jọ́ orí, tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tí wọ́n sì jọ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, kí wọ́n lè fi ìgbésí ayé àti ara àwọn méjèèjì wé ara wọn. Ọdún 2018 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Ohun tí wọ́n rí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ohun 11 péré, tí gbogbo wọn ṣeé ṣàtúnṣe sí, ni nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ewu àrùn náà rọ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí wọn. Ewu rọpárọsẹ̀ lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru fi nǹkan bí ìlọ́po 19 ju ti ẹni tí tirẹ̀ kò ru lọ, ìṣirò àwọn olùwádìí náà sì ni pé bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ ríru rárá, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú ìkọlù mẹ́wàá ni kì bá tí wáyé. Àwọn yòókù ni ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn tó yọ síwájú, ìtọ̀ ṣúgà, àìjẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, ìdààmú ọkàn, iyọ̀ tí a tún ń bù sí oúnjẹ nígbà tí ó ti dé orí tábìlì, àìsàn ọkàn, ìjókòó kalẹ̀ láìlo ara, àti sìgá mímu. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀fọ́. Ní ilẹ̀ tí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre ti ń hù lẹ́yìnkùlé, tí ewédú kò sì wọ́n, a wá ń ka àìjẹ ẹ̀fọ́ mọ́ ohun tó ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Àṣà tó ń fi iye ẹran inú àwo díwọ̀n ọlá ló mú wa débẹ̀.

Ìwádìí náà tún fi irú ẹni tí àrùn yìí ń mú hàn. Bí a bá ro ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, nǹkan bí ọdún 59 ni, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ni kò sì tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹni tó wà nírú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, tó tún ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí òbí nílé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìkọlù náà ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ sínú ọpọlọ, irú èyí tó tètè ń pani; ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́jọ lọ.

Nǹkan kan tún wà nínú iṣẹ́ SIREN tí àwa tí ń kọ̀wé ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ gbójú fò. Kí àwọn olùwádìí tó lè sọ pé rọpárọsẹ̀ kò kọlu ẹnì kan rí, wọ́n ní láti bi í léèrè, ìbéèrè náà sì ní láti yé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi túmọ̀ ìwé ìbéèrè wọn sí Yorùbá, Haúsá àti Akan, tí wọ́n sì dán an wò bóyá ó péye. Bí ìwádìí bá lè fi èdè wa gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wa, èdè náà ló yẹ kí a fi dá ìmọ̀ náà padà fún wa. Títí di òní, bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lówùúrọ̀, tí apá rẹ̀ kan kò sì ṣeé gbé mọ́, ohun tí ará ilé sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ayé ló ta á lọ́fà. Bí ó bá ṣubú ní balùwẹ̀, balùwẹ̀ ni wọn yóò dá lẹ́bi, wọn kò ní mọ̀ pé ìkọlù náà ló gbé e ṣubú, àti pé òwúrọ̀, nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń gòkè, ni rọpárọsẹ̀ máa ń pọ̀ jù. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, kì í sì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ohun tó bá ń ti òkùnkùn wá gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ báyìí, orúkọ wo ni àwọn baba wa ìbá tún pè é bí kò ṣe ọfà?

Nípa wákàtí àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wa kò ní pọ̀. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ọpọlọ ní láti wọ ara láàárín wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán ọpọlọ sì ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé kì í ṣe pé iṣan bẹ́, nítorí oògùn tó lè gba ọ̀kan là lè pa èkejì. Bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn láti ilé lọ sọ́dọ̀ alágbo, láti ibẹ̀ lọ sí ilé àdúrà, kí wọ́n tó wá gbé e dé ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ náà, wákàtí ti lọ. Ìjọba tó bá ra ẹ̀rọ ṣe dáadáa. Àmọ́ a ti rí i pé ẹ̀rọ ló máa ń rí gómìnà tí yóò gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀. Ọ̀rá pẹlẹbẹ tí nọ́ọ̀sì ń wé mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní ẹni tí ń gé rìbọ́ọ̀nù fún un.

Ohun tó ń tẹ̀lé ìkọlù náà gan-an ni ìdí tí a fi mú gègé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa lójú ẹsẹ̀ ni ohun tó bá a wá ń pa. Bí ìkọlù bá ti mú ọ̀fun, oúnjẹ tí a fi sí aláìsàn lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí òtútù àyà sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń fi ìfẹ́ la ẹnu bàbá rẹ̀, tó ń da ògì tàbí àgbo sí i nítorí pé kò jẹun láti àná, kò mọ ibi tí ohun tí òun ń dà ń gbà. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ dán ọ̀fun náà wò, kí ó tó jẹ́ kí ohunkóhun mìíràn kọjá. Ẹni tí a kò bá máa yí padà lórí ibùsùn ní wákàtí méjì méjì yóò ní egbò níbi ìdí àti gìgísẹ̀, egbò tó lè jìn títí dé eegun. Ẹsẹ̀ tí kò gbéra lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan rẹ̀, kí ìdì náà sì gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó ń gbé aláìsàn dìde a sì máa di apá tó ti rọ náà mú fà, títí èjìká yóò fi yẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni àwọn oníṣègùn mọ̀ bí ẹní mowó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ṣeé dènà láìlo ẹ̀rọ olówó gọbọi kankan. Àmọ́ ta ni ó ń kọ́ ará ilé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ?

Ní ilé ni àkọsílẹ̀ wa sì ti ń parẹ́. Nínú ìwádìí CogFAST tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus Akínyẹmí àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nílẹ̀ yìí, nǹkan bí ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni ìrántí tàbí ìrònú wọn ti dín kù. Káàkiri àgbáyé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó la rọpárọsẹ̀ já ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Ilé tí kò bá gbọ́ nǹkan wọ̀nyí rí yóò ní bàbá ti ń ṣagídí, tàbí pé ó ń ya ọ̀lẹ, wọn kò sì ní mọ̀ pé àìsàn ṣì ni. Bí ara bá sì yá díẹ̀, aláìsàn á ní òun kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́, yálà nítorí pé ara ti fúyẹ́, tàbí nítorí pé owó ti tán, kí ìkọlù kejì tó wá bá a níbẹ̀.

Àǹfààní bíbá aláìsàn délé kì í ṣe àfẹnusọ lásán. Ní ọdún 2023 ni àbájáde ìwádìí INTERACT3 jáde, èyí tí wọ́n ṣe lára ẹni tó lé ní 7,000 tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ wọn, ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tí Nàìjíríà wà lára wọn. Ohun tí wọ́n ṣe kò ju pé kí wọ́n tètè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ sí abẹ́ 140 láàárín wákàtí kan, kí wọ́n kápá ṣúgà àti ibà, kí wọ́n sì tètè pa agbára oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lára ẹni tó bá ti ń lò ó. Ó so èso rere, àmọ́ ojúkò wọn ni bí aláìsàn ṣe wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ká ní ọjọ́ tí aláìsàn kúrò ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti pa fáìlì rẹ̀ dé, wọn kì bá tí mọ̀.

A mọ̀ pé ẹ̀ka ìlera yóò ní owó kò sí. Ìwé àkọsílẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Ó gba ìwé, fóònù, akọ̀wé kan tàbí méjì ní ìpínlẹ̀, àti àṣẹ pé ilé ìwòsàn ìjọba àti ti aládàáni gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́, kí wọ́n sì pa orúkọ aláìsàn mọ́ ní àṣírí. Àwọn tí kò dé ilé ìwòsàn rárá náà ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lè bèèrè nípa wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní àpẹẹrẹ tó sún mọ́ èyí: láti ọdún 2020 ni òun àti ìpínlẹ̀ Kano ti wà nínú ètò tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé, tí wọ́n ń kọ ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ló dé tí èyí kò fi lè tàn dé gbogbo àdúgbò Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó, Èkìtì àti Èkó?

Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 ti sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, síbẹ̀ àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń sanwó físíò, ìyẹn ìtọ́jú tó ń kọ́ apá àti ẹsẹ̀ láti tún ṣiṣẹ́, àti oògùn. Kí àjọ adójútòfò ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ọdún kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkọlù sí ọrùn ara rẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, físíò, àti ìpè fóònù láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní oṣù kẹta, ìkẹfà àti ìkejìlá. Kí á má sì gbàgbé pé owó NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, ìyẹn owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ṣe SIREN. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé òun dá irú owó tó ń ti ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ dé ọwọ́ olùwádìí ilẹ̀ òkèèrè dúró títí ìlànà tuntun yóò fi wà. Ẹni tó bá ń retí kí àjèjì tún wá ka àwọn aláìsàn wa fún wa yóò pẹ́ lórí ìdúró.

Ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdọọdún ni àyájọ́ rọpárọsẹ̀ lágbàáyé. A ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: ìwọ́de òwúrọ̀, fìlà tí wọ́n tẹ orúkọ gómìnà sí, àti ọ̀rọ̀ ìkíni. Ní ọdún tó ń bọ̀, kí kọmíṣọ́nnà ìlera kọ̀ọ̀kan dúró níwájú àwọn akọ̀ròyìn lọ́jọ́ náà, kí ó ka iye mẹ́ta yìí jáde: àwọn tí àrùn náà kọlù, àwọn tó ṣì wà láyé, àti àwọn tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Akọ̀ròyìn wa yóò wà níbẹ̀.