Zik kọ́ ló díje l'Ékòó ní 1941

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ kiri pé Yorùbá ló fi ìbò ta Zik (Nnamdi Azikiwe, ọmọ Ìgbò) nù l'Ékòó ní 1941, ẹ rọra. Zik ò díje rárá. Àyè tí Dókítà Kòfó Àbáyọ̀mí fi sílẹ̀ ní Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni wọ́n ń dù. Samuel Akínsànyà, ọmọ Ìṣarà ní Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ, ni Zik tì lẹ́yìn. Ernest Ikoli tó sì wọlé, ọmọ Ìjọ̀ (Ijaw) ni. Awólọ́wọ̀ ńkọ́? Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Rẹ́mọ kan náà, síbẹ̀ ẹ̀yìn Ikoli ló wà! Òótọ́ ni pé ìjà ẹ̀yà wọ̀ ọ́: Zik, ọ̀pọ̀ Ìgbò àti Ìjẹ̀bú bínú kúrò nínú Nigerian Youth Movement, ẹgbẹ́ òṣèlú tí gbogbo wọn jọ wà. Ìjẹ̀bú o! Àbí àwọn yẹn kì í ṣe Yorùbá ni?