Ìmọ́lẹ̀ eléyín ayùn tó ń yọ ṣáájú túúlu: kì í ṣe rọpárọsẹ̀, kì í ṣe ọfà

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àmì kékeré kan nítòsí àárín ojú, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣèèṣì tẹjú mọ́ gílóòbù iná. Ẹ wo pátákó tí wọ́n kọ “ADÓ–ÌKẸ́RẸ́” sí ní gáréèjì, “ADÓ” nìkan lẹ rí. Ibi tí “ÌKẸ́RẸ́” yẹ kó wà ti di òfìfo. Kò pẹ́, ìlà kan tó rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn yọ sétí òfìfo náà, ó ń kọ mànà bí oòrùn ọ̀sán lórí páànù tuntun, ó sì ń fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kó tó di wákàtí kan, ó ti lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni túúlu sábà máa ń dé, tí apá kan orí á máa lù kìkì, tí inú á máa ru, tí èèyàn ò ní fẹ́ rí iná tàbí gbọ́ ariwo. Ìgbà mìíràn wà tí ìmọ́lẹ̀ náà máa ń yọ tí orí ò ní fọ́ rárá.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó bá ń ṣe: pé rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀, tàbí pé ayé ló ta á lọ́fà lójú. Kò sí òótọ́ nínú ọ̀kankan.

Ọpọlọ ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ti ń wá, ní ẹ̀yìn orí, níbi tí ọpọlọ ti ń túmọ̀ ohun tí ojú rí. Ìgbì kan ló ń rìn lórí ọpọlọ. Ibi tó bá dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á kọ́kọ́ ta gìrì, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Gìrì tí wọ́n ta ni ìlà eléyín ayùn. Dídákẹ́ wọn ni òfìfo tó ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1941, Karl Lashley, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí nǹkan yìí ń ṣe fúnra rẹ̀, ya bí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ ṣe ń fẹ̀ sórí ìwé, ó sì ṣírò rẹ̀ pé ohun tó ń fà á ń rìn ní nǹkan bíi mìlímítà 3 ní ìṣẹ́jú kan. Lọ́dún 1944, Aristides Leão, ọmọ ilẹ̀ Brazil, ròyìn irú ìgbì bẹ́ẹ̀ tó rí lórí ọpọlọ ehoro.

Ìrìn jẹ́jẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ dì mú. Rọpárọsẹ̀ kì í sábà rìn jẹ́jẹ́, ńṣe ló máa ń já lu èèyàn: ọwọ́ tó gbé ife nísinsìnyí kò lè gbé e mọ́, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ ò já gaara. Ó sábà máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn ni, kì í fi ìmọ́lẹ̀ títàn kún un. Ti túúlu máa ń lò tó ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán kó tó fẹ̀ tán, á wà láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 60, á sì kúrò pátápátá. Bí ara bá tilẹ̀ ń ta, á gba ìka ọwọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí apá, títí dé ètè.

Ti ọfà ńkọ́? Nígbà tó bá yọ, ẹ fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kẹ́ ẹ wò. Ẹ bo tòsì, kẹ́ ẹ tún wò. Ẹ máa rí i nígbà méjèèjì, lápá kan náà. Kódà bí ẹ bá di ojú méjèèjì, ó ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ẹyinjú kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí omi àlùbọ́sà, ìtọ̀ tàbí àgbo tí wọ́n ń kán sójú kò fi lè débẹ̀. Egbò ni wọ́n lè dá sí ojú tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìtọ́jú tí wọ́n ń fún “ọfà” yìí ló ń bà wá nínú jẹ́ jù. Wọ́n á ní kí aláìsàn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó ṣe àìsùn, kó wà lórí òkè àdúrà nínú oòrùn. Ebi, òùngbẹ, àìsùn àti oòrùn gangan wà lára ohun tó ń ru túúlu sókè. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ìmọ́lẹ̀ á tún yọ, wọ́n á sì ní ṣé ẹ rí i pé ogun náà le. Ààwẹ̀ ló pè é! Ẹ gbàdúrà, a ò ní kẹ́ ẹ má gbà á. Àmọ́ ẹ jẹun lásìkò, ẹ mu omi, ẹ sùn kẹ́ ẹ sì jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, òpin ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú.

Bó bá yọ, ẹ kọ́kọ́ wo aago, kẹ́ ẹ kọ àkókò sílẹ̀. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tó ń gúnyán gbé ọmọ odó kalẹ̀, ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ rọra sọ̀. Ẹ wo dígí, kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ na apá méjèèjì síwájú. Ẹ sọ gbólóhùn kan jáde ketekete. Bí ẹnu ò bá wọ́, tí apá kan ò wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì já gaara, ẹ jókòó sí ibi tó ṣókùnkùn; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rù máa ń mú kí èèyàn mí gúlegúle, irú mímí bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ìka ọwọ́ méjèèjì àti ẹnu máa ta wínríwínrí, èyí tí aláìsàn á tún kà sí rọpárọsẹ̀. Ẹ mí sínú kẹ́ ẹ ka 4, ẹ mí síta kẹ́ ẹ ka 6, fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì kan sáàárín ìwé, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ ọn, kẹ́ ẹ ya ibi tí ìlà náà dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un yà. Ẹ̀ẹ̀mẹta irú rẹ̀, ẹ ó ti fojú ara yín rí i pé ó ń rìn lọ.

Láàárín ìgbà tí kò yọ, ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń wá a kiri: á máa wo ògiri funfun, á máa fọwọ́ ra ojú. Ohun tí ọwọ́ bá rà jáde á pòórá láìpẹ́, kì í fẹ̀. Bí ẹ bá ti yẹra fún ọjà tàbí ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ẹ̀rù, ẹ padà díẹ̀díẹ̀: ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀ yìí, wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹnìkan níbẹ̀ sì mọ ohun tó ń ṣe yín.

Oògùn ìrora kì í dá ìmọ́lẹ̀ dúró, ìdí nìyẹn tí gbígbé e mì léraléra kò fi wúlò. Orí fífọ́ ló wà fún: paracetamol onímílígíráàmù 500, hóró méjì, tàbí ibuprofen onímílígíráàmù 400 lẹ́yìn oúnjẹ, gbàrà tó bá bẹ̀rẹ̀. Kí ọlọ́gbẹ́ inú, aláboyún àti ẹni tí kíndìnrín ń ṣe má lo ibuprofen. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora tó ọjọ́ 15 lóṣù, tàbí ọjọ́ 10 fún èyí tí wọ́n po kaféènì mọ́, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa fọ́ ọ lórí.

Ohun kan kù tí a ò ní fi pamọ́. Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣe rọpárọsẹ̀, àmọ́ àwọn tí ó ń ṣe ní ewu rọpárọsẹ̀ díẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ, pàápàá obìnrin tó ń mu sìgá tàbí tó ń lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí tó ní estrogen. Irú hóró bẹ́ẹ̀ kò yẹ wọ́n. Kí wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì, kó fún wọn ní irú mìíràn.

Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pé ẹni ọdún 50 ló kọ́kọ́ yọ, tó bá ju wákàtí kan lọ, tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ṣú, tí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, tàbí tí orí bá ṣàdédé fọ́ lójijì bí ìgbà tí ààrá sán, ẹ má dúró de ọ̀la: ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tó wà l'Ádó-Èkìtì tàbí èyí tó wà n'Ídòó-Èkìtì, èyí tó bá sún mọ́ yín. Bí túúlu bá sì ń mú yín tó ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù, oògùn ojoojúmọ́ wà tó ń dín in kù, bíi propranolol, tí a kì í fún ẹni tó ní asthma, ikọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè mí dáadáa. Ẹ mú ìwé àwòrán àti àkókò yẹn dání lọ. Òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè.