Àtúnṣe: Ìràwọ̀ Burma kì í ṣe wúrà

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù pé wúrà ni Ìràwọ̀ Burma (Burma Star), àmì-ẹ̀yẹ ológun onígun mẹ́fà tí àwọn bàbá wa gbà fún ogun Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pé kí a tètè gbé e fún alágbẹ̀dẹ wúrà. Irọ́ ni! Bàbà àti síǹkì ni wọ́n yọ́ pọ̀ ṣe é. Ẹ wo àárín rẹ̀: adé ló wà lókè lẹ́tà GRI VI, tí í ṣe ti Ọba George Kẹfà.

Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní orúkọ lẹ́yìn. Ìwé ológun bàbá, fọ́tò àti lẹ́tà rẹ̀ ló ń fi hàn pé òun ló ni ín, àwọn náà ló sì ń gbé owó rẹ̀ ga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Brasso, ìyẹn oògùn tí a fi ń dán irin, nù ún, ẹ má sì ju ríbọ́ọ̀nù àtijọ́ tó wà lára rẹ̀ nù.